Ẹsẹ̀ Túnráyọ̀ àti Omi Wàrà

Àtàláátà, 30 Oṣù Kẹwàá, 1973

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ọmọ bá jẹ, kí n kọ ọ́. Ohun tó bá mu, kí n kọ ọ́. Mo ra ìwé yìí nítorí ìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá bọ́ sínú rẹ̀, owó mi ni mo fi rà á.

Agogo mẹ́fà àárọ̀ la dé ọsibítù, ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó pe Túnráyọ̀. Raliat, opó Yàkúbù ẹ̀gbọ́n mi, pọn Sànní tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin. Èmi gbé Túnráyọ̀ lé èjìká. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Títí di èṣín, ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́. Nísinsìnyí ó ti tẹ̀ síta lápá méjèèjì bí ọrun. Nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó pa ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó wá ń ki ìka bọ àárín orúnkún. Ìka mẹ́rin wọlé.

Ọmọ́lẹ́yẹ ni orúkọ nọ́ọ̀sì náà, ará Ọ̀fà ni. Ẹnu rẹ̀ mú.

"Kí ni ọmọ yìí ń jẹ?"

"Kókó láàárọ̀, túwó lọ́sàn-án, túwó lálẹ́."

"Mílíìkì ńkọ́?"

"Kò sí."

"Nọ́nọ̀, mílíìkì kíkan? Wàrà? Ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń rún mọ́ egungun?"

"Ìyá mi ló ń ṣe wàrà tà ní Sábó."

Ó gbójú sókè. "Ìyá rẹ ń ṣe wàrà, egungun ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ta lẹ ń ṣe é fún?"

Mo ní àwọn tó lówó rẹ̀ lọ́wọ́ là ń ṣe é fún.

Dókítà fi fọ́tò egungun hàn wá. Ó ní ohun tó ń mú egungun le kò sí lára ọmọ náà tó, inú mílíìkì ló sì pọ̀ sí jù. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún wa lédè wa. Ó ní ọmọdé ń kọ́ egungun lọ́wọ́ ni, obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú ń yọ nínú tirẹ̀ fún ọmọ, ti arúgbó sì ń jò dànù, nítorí náà kò sí ọjọ́ orí tí kò fẹ́ ẹ. Mi ò bèèrè ti ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ Túnráyọ̀ ni mo bá wá.

Wọ́n ní ago mílíìkì méjì lójúmọ́, tàbí wàrà mẹ́rin. Kí ọmọ máa jókòó sóòrùn. Kí a máa gbé e wá lóṣooṣù. Bí àlàfo náà kò bá dín títí ìparí oṣù kẹta, wọ́n á gé egungun ẹsẹ̀, wọ́n á tún un tò.

Yàkúbù ló mú mi kúrò ní abúlé wa lẹ́bàá Afọ́n wá sílẹ̀ Hausa níhìn-ín, òun ló wáṣẹ́ fún mi níbi tí mo ti ń ru ẹrù ní Chikaji. Oṣù kejì ọdún yìí ni ọkọ̀ gbá a pa. Mo ṣe ìlérí kan lórí sàréè rẹ̀ nípa àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ àfi èmi. Ó tó.

Àlàrùbá, 31 Oṣù Kẹwàá

Ìyá ń ṣe wàrà lọ́wọ́ nígbà tí mo bá a. Ó ti fún omi ewé bọ̀mùbọ́mù sínú mílíìkì lórí iná, ó ti ń dì. Mo dúró títí ó fi bù ú sínú àwọn agbọ̀n kéékèèké, tí omi rẹ̀ ń jò sínú ìkòkò. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí.

"Wàrà mélòó?"

"Mẹ́rin lójúmọ́."

"Mẹ́rin! Ọmọ ọdún mẹ́ta! Sàláwù, ṣé o fẹ́ kó ya olè ni? Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá ti mọ adùn báyìí láti kékeré, ìdí igbá onígbàá ni wọ́n á ti máa fà á jáde. Ṣé mo fún ìwọ?"

"Ẹ ò fún mi."

"Ẹsẹ̀ rẹ tẹ̀?"

"Kò tẹ̀."

"Ó tán nìyẹn. Raliat ni kẹ́ ẹ bi. Bó ṣe ń pọn ọmọ, ńṣe ló ń la itan rẹ̀ bí ẹni ń la igi."

Raliat ń fọ abọ́ nítòsí. Ó túbọ̀ ń ha ìdí abọ́ náà.

Mo ní mi ò ní kúrò níbẹ̀. Mo dúró lóòótọ́. Nígbà tó ṣe, Ìyá tọ́ka sí ìkòkò tí omi ń jò sí. "Omi yìí ni mo fi tọ́ yín, ìwọ àti Yàkúbù. Inú omi ni agbára mílíìkì ń sá sí. Èyí tó dì yìí, adùn ẹnu lásán ni. Kó máa mu omi. Ọ̀fẹ́ ni, mi ò ní gbowó."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi létí. Omi náà ni mo mu dàgbà, mo sì ń gbé àpò tí ọkùnrin méjì ń gbé. Mo gbà.

Àlàmísì, 1 Oṣù Kọkànlá

Omi wàrà, ago méjì. Ó ní ó kan. Ó mu ún tán.

Jímọ̀, 2 Oṣù Kọkànlá

Omi wàrà, ago méjì. Kókó. Túwó, ọbẹ̀ kúkà.

Àlàmísì, 8 Oṣù Kọkànlá

Omi wàrà, ago méjì. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti bẹ́. Hajjo, obìnrin Fúlàní tó ń gbé mílíìkì wá fún Ìyá, ní àwọn ọkọ wọn ti ń sọ̀rọ̀ àtikó màlúù lọ sí gúúsù. Oṣù Kejì ni wọ́n máa ń lọ. "Babu ciyawa," ló ń wí, kò sí koríko. Òjò tó rọ̀ lọ́dún yìí kò tó kí ewúrẹ́ mu. Igbá mílíìkì tó jẹ́ ṣílè mẹ́ta ti di mẹ́rin.

Àtàláátà, 13 Oṣù Kọkànlá

Omi wàrà, ago méjì.

Mo bá Ọdẹ́wálé jà. Télọ̀ ni, yàrá ẹnu ọ̀nà ilé wa ló ń gbé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ jókòó, Túnráyọ̀ ń kọjá lọ, ó pariwo pé: "Sàláwù! Bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ ọmọ yín kọjá láàárọ̀ yìí, gólí náà ò mọ̀ pé ó wọlé!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Túnráyọ̀ náà rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ọkùnrin náà, mo dà á délẹ̀. Ìyá lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi ò bẹ̀ ẹ́.

Àtàláátà, 27 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́lẹ́yẹ kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin kan tó ń yọ fáìlì bi mí ní nǹkan kan lédè òyìnbó, ó yára sọ ọ́. Mo ní kó tún un sọ. Ó kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Dan kauye." Ó rò pé mi ò gbọ́ Hausa. Ará oko ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ni ín láti sọ. Mo gba káàdì wa lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé ọmọ, ó di ilé.

Raliat ń sáré tẹ̀ lé mi. Kì í pè mí lórúkọ, àbúrò ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́, Akọ̀wé ló sọ mí nítorí ìwé yìí. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ ká dúró. Wọ́n á pè wá."

Mo ní, "Mi ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́ títí ẹsẹ̀ ọmọ yìí á fi tọ́. Tó bá tọ́, màá gbé e wá, wọ́n á wò ó."

Ó ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ la gbé wá, kì í ṣe iyì yín."

Mo gbọ́. Mo ń bá ìrìn mi lọ.

Omi wàrà, ago méjì.

Sátidé, 1 Oṣù Kejìlá

Àwọn tó ń ka èèyàn dé ilé wa. Ìyá kọ̀ jálẹ̀, ó ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo dá wọn lóhùn fúnra mi: márùn-ún. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Omi wàrà, ago méjì.

Àlàádì, 9 Oṣù Kejìlá

Mo fi ìka ara mi wọn àlàfo náà nígbà tí Raliat lọ pọnmi. Mẹ́rin. Ìka tèmi tóbi ju ti nọ́ọ̀sì lọ, mẹ́ta ló yẹ kó wọlé tí kò bá sí ohun tó yí padà. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mi ò sọ fún Raliat. Mo ní kí Ìyá sọ ago méjì di mẹ́ta.

Àtàláátà, 18 Oṣù Kejìlá

Omi wàrà, ago mẹ́ta.

Ẹran pọ̀ lọ́jà bí iyanrìn. Àwọn Fúlàní ń ta màlúù kó tó kú mọ́ wọn lọ́wọ́, egungun ìhà wọn ń yọ láti òkèèrè. Ẹran wọ́n tẹ́lẹ̀, mílíìkì pọ̀. Ẹran ti pọ̀ báyìí, mílíìkì kò sí. Ààbọ̀ igbá ni Hajjo ń gbé wá. Ìyá ń fomi là á kó tó gbé e kaná.

Ọwọ́ Raliat há lónìí nígbà tó ń fún Sànní lọ́mú. Ìka rẹ̀ ká jọ, kò ṣeé nà. Mo bá a fi omi gbígbóná wọ́ ọ. Ó ní kì í ṣe àkọ́kọ́, oṣù kan ti kọjá tó ti ń ṣe é. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ta ni n bá sọ fún? Ẹ ti bá ọsibítù jà."

Àlàmísì, 3 Oṣù Kìíní, 1974

Iléyá. Ẹran wà nínú ilé títí ó fi sú wa.

Àwọn ọmọ ilé gbogbo wọṣọ tuntun, wọ́n ń sáré kiri àgbàlá. Túnráyọ̀ sáré tẹ̀ lé wọn. Ó ṣubú lu ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Kò ga, kò sí òkúta níbẹ̀, ilẹ̀ lásán ni. Ó kọ̀, kò dìde. Ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹsẹ̀ ń dùn mí." Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀. Ìyá fi òrí pa á.

Mi ò kọ omi wàrà lónìí. Ó mu ún o. Ọwọ́ mi ni kò fẹ́ kọ ọ́.

Àtàláátà, 8 Oṣù Kìíní

Mo gbé e lọ, Raliat tẹ̀ lé mi.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́lẹ́yẹ wà níbẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ọlọ́jà wàrà. Níbo lẹ ti ń bọ̀?" Ó wọn ọmọ. Ìka márùn-ún. Wọ́n ya fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí n mú ìwé mi wá.

Ó ń ṣí i, ó ń kà á sókè. "Omi wàrà, ago méjì. Omi wàrà, ago méjì." Ó ka ojú ewé mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Ó wá dúró.

"Sàláwù, omi wàrà wo?"

"Èyí tó ń jò nínú agbọ̀n."

"Wàrà fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá ń tà á."

Ó jókòó. Ó ní, "Èyí tó dì ló kó ohun tí egungun ń fẹ́ lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù sínú omi. Ẹ wá ń ta egungun ọmọ fún gbogbo Sábó, ẹ ń bu omi ìṣanwọ́ fún un."

Mo ní, "Èmi náà mu ún dàgbà, ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀."

"Ní abúlé ńkọ́? O ò jẹ ẹja odò tegungun-tegungun? O ò jẹ ewébẹ̀? Ewo nínú rẹ̀ ni ọmọ yìí ń jẹ ní Sábó?"

Ó pa ìwé mi dé.

"Kí ló dé tí o ò fi bi mí? Ojúmọ́ kan kọ́, oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ kan!"

"Mo ti búra pé mi ò ní wá síbí mọ́."

"Nítorí kí ni?"

Mo sọ ti ọkùnrin fáìlì fún un.

Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹran. "Ọkùnrin yẹn? Láti ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kejìlá ló ti kúrò níbí."

Raliat ṣáájú mi délé láìwẹ̀yìn. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Àlàrùbá, 9 Oṣù Kìíní

Mo bá Ìyá níbi tó pàtẹ sí. Wàrà mọ́kànlá péré ló wà lórí àtẹ. Túnráyọ̀ wà léjìká mi. Mo mú ọ̀kan, mo fi sí i lẹ́nu. Mo mú èkejì.

"Sàláwù, kí lò ń ṣe yẹn?"

Mo ní, "Omi tí ẹ ń fún un, nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n bí láná ló fẹ́ kọ́ mi ní wàrà?"

Mo mú ẹ̀kẹta. Obìnrin kan tó fẹ́ ra wàrà dúró, ó ń wò wá. Ìyá gbé ohùn sókè: "Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ọmọ mi tó ń jà mí lólè lójú mi!"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Olè tí ẹ ń bẹ̀rù pé Túnráyọ̀ máa yà, èmi ni. Ẹ ti rí i báyìí, kí ọkàn yín balẹ̀." Mo mú ẹ̀kẹrin.

Mo fi ṣílè kan sórí àtẹ. Ó gbá a dànù. Ó wá fi gèlè bojú níwájú oníbàárà rẹ̀, ó ń sunkún. Mi ò tíì rí i kó sunkún láti ọjọ́ tí wọ́n gbé Yàkúbù wálé.

Wàrà mẹ́rin.

Àtàláátà, 15 Oṣù Kìíní

Hajjo wá dágbére. "Sai damina," ó di ìgbà òjò. Ìyá kò ní ohun tí yóò fi ṣe wàrà mọ́. Ìkòkò rẹ̀ wà ní dídojúbolẹ̀ nídìí ààrò. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Tó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, Raliat ló ń sọ ọ́ fún.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe já a gbà tán, tí kò sí ohun tí mo já gbà.

Jímọ̀, 18 Oṣù Kìíní

Mo gun kẹ̀kẹ́ kọjá Dakace kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ọyẹ́ bolẹ̀, mi ò rí iwájú mi. Rúgà mẹ́ta ni mo dé, ìbùdó àwọn Fúlàní, méjì ti ṣófo, ajá ló kù níbẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, bàbá arúgbó kan kù pẹ̀lú màlúù mẹ́rin tí kò lè rìn jìnnà. Ó ní mílíìkì kò tó, ṣùgbọ́n nọ́nọ̀ wà, èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀. Mo bi í bóyá ohun rere kù nínú rẹ̀, ó ní kí n lọ bi màlúù. Lọ́tẹ̀ yìí mo ya ọsibítù, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí nọ́ọ̀sì fi yọjú. Ó ní ọ̀rá kọ́ ni egungun ń wá, kí n rà á.

Nọ́nọ̀, ago méjì. Mo pẹ́ dé Chikaji, wọ́n yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ mi.

Àtàláátà, 22 Oṣù Kìíní

Ago mẹ́ta ni bàbá náà lè tà fún mi lójúmọ́. Méjì fún Túnráyọ̀. Ọ̀kan fún Raliat nítorí Sànní. Kò sí ti Ìyá.

Raliat rò pé mi ò rí i. Tí mo bá ti yíjú, á da tirẹ̀ sínú ti ọmọ. Mo gbé ago rẹ̀ lọ́wọ́ lónìí, mo ní kó mu ún níwájú mi. Ó ní, "Ọkọ mi kékeré ti di ọlọ́pàá." Ó mu ún. Ó bú sẹ́rìn-ín, nọ́nọ̀ wà létè rẹ̀ òkè. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọdún kan.

Àtàláátà, 5 Oṣù Kejì

Kànga àgbàlá ti gbẹ. Ìyá lọ tò sídìí ẹ̀rọ omi òpópónà, wọ́n tì í lórí ìlà, ó fi ọwọ́ gbalẹ̀. Orí ìdúró ló ti ṣubú. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán.

A pàdé Nọ́ọ̀sì Ọmọ́lẹ́yẹ níbi tí wọ́n ti ń di ọwọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá dáadáa. Ó ní, "Ìyá, láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣe wàrà?"

"Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ."

"Ṣé ẹ ń jẹ níbẹ̀?"

Ìyá wò ó tìyanu-tìyanu. "Ọmọ mi, ta ló ń jẹ ọjà rẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ òsì Ìyá mú.

Àlàrùbá, 6 Oṣù Kejì

Ìyá pè mí fúnra rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú sìmẹ́ńtì funfun.

"Sàláwù, òótọ́ ni pé kò sí nǹkan nínú omi yẹn?"

"Díẹ̀ ni wọ́n ló wà níbẹ̀, Ìyá."

"Yàkúbù náà, omi ni mo fún un."

"Mo mọ̀."

"Èyí tó dára jù ni mo rò pé mo ń kó pamọ́ fún yín. Mo ń ta èyí tí kò wúlò fún àwọn tó fẹ́ adùn." Ó wo sìmẹ́ńtì ọwọ́ rẹ̀. "Ogójì ọdún."

Mo bu nínú nọ́nọ̀ Túnráyọ̀ fún un. Ó ní òun ti darúgbó, egungun òun kò ní pẹ́ dé ilẹ̀, kí n gbé e fún ọmọ. Mo jókòó tì í títí ó fi mu ún. Ó pẹ́. Agídí mi, ibi tí mo ti rí i nìyẹn.

Àlàrùbá, 20 Oṣù Kejì

Ọdẹ́wálé kan ilẹ̀kùn wa. Ó ń ránṣọ fún ìyàwó olùkọ́ kan ní Sámárù, ó ní kí wọ́n má san owó iṣẹ́, kí wọ́n fún òun ní mílíìkì agolo. Agolo ńlá, èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun.

"Gbà," ló wí. "Ìwọ tó ń da ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ délẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣeun."

"Kì í ṣe tìẹ. Ti agbábọ́ọ̀lù mi ni." Ó gbé Túnráyọ̀ sókè, ó gbé e jù sókè, ọmọ náà ń kígbe ayọ̀. Mo ní kó rọra, egungun rẹ̀ rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Mo ti lè fún gbogbo wọn báyìí. Túnráyọ̀ méjì, Raliat ọ̀kan, Ìyá ọ̀kan.

Àlàmísì, 7 Oṣù Kẹta

Nọ́ọ̀sì wọn ọn. Ìka mẹ́rin. Ó ní ẹsẹ̀ òsì ń bọ̀ wálé. Mo bèèrè ti ọ̀tún. Ó ní kí a dúró de fọ́tò.

Ooru mú. Orí òrùlé ń dún lọ́sàn-án bí ẹni ń ju òkúta sí i. Ọwọ́ Raliat kò há mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Àtàláátà, 19 Oṣù Kẹta

Túnráyọ̀ dìde láàárọ̀ láìdi ògiri mú. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà Ọdẹ́wálé, ó padà wá. Ó ń fà sọ́tùn-ún. Nọ́nọ̀, ago méjì.

Àlàmísì, 28 Oṣù Kẹta

Dókítà gbé fọ́tò méjì sójú iná, ti oṣù kìíní àti ti àná. Èmi tí mi ò mọ nǹkan rí i pé ti àná funfun jù. Ó ní egungun ti ń le. Ẹsẹ̀ òsì yóò tọ́ fúnra rẹ̀ bó ti ń dàgbà, kí a má dá mílíìkì dúró, ì báà jẹ́ ọdún mélòó.

Ó wá fi ìka tọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ tó ṣubú ní Iléyá, egungun náà sán, ó sì ti jinná ní wíwọ́. Mílíìkì á mú un le, ṣùgbọ́n wíwọ́ náà ni yóò mú le. Wọ́n máa gé e ní Àtàláátà tó ń bọ̀, wọ́n á tò ó.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ká ní ẹ wá ní oṣù Kọkànlá ni..." Kò parí rẹ̀.

Mo ní kó parí rẹ̀.

Ó ní, "Ì bá má sán."

Raliat gbá Túnráyọ̀ mọ́ra.

Wọ́n gbé ìwé kan jáde. Dókítà ní bàbá ọmọ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ó bèèrè ta ni bàbá rẹ̀. Raliat la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo ní, "Èmi ni." Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì ń wò mí.

Wọ́n fún mi ní bírò. Mo ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì wà níbẹ̀ tí kò yé mi, mo bi nọ́ọ̀sì léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo àwọn tó jókòó, ó sì sọ ọ́ fún mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mo gbà kí wọ́n gé egungun ọmọ mi. Mo kọ orúkọ mi sí i.